Mẹ́rìndínlógún, Nọ́ńbà Ìran Méjì

Bí ẹ bá gba ojú títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ẹ ó kan Ìpetumodù kí ẹ tó wọ Ifẹ̀. Ibẹ̀ ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn tó mọ ìlú náà dáadáa mọ̀ ọ́n mọ ìkòkò amọ̀, nítorí àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran: ìkòkò ọbẹ̀, ìkòkò àgbo, àmù omi. Ìkòkò wọn ni n ó yá lò lónìí láti fi ṣàlàyé nọ́ńbà kan ṣoṣo fún yín, ìyẹn 16.

Ẹ lè béèrè pé kí ló wà nínú 16 tí a fi ní láti jókòó tì í. Ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ó wà nídìí ikin Ifá, ó wà nídìí owó ẹyọ àwọn olórìṣà, ó wà nínú ètò ọjọ́ ọjà àtijọ́, ó sì wà nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín. Ìwà kan ṣoṣo tí nọ́ńbà yìí ní ló fa gbogbo rẹ̀, òun ni n ó sì kọ́kọ́ fi hàn yín. Ẹ má bẹ̀rù ìṣirò. Ẹni tó bá lè ka nǹkan dé ogún, tó sì lè pín nǹkan sí méjì, ti ní gbogbo ohun tí a ó lò.

Ẹ jẹ́ ká kó ìkòkò kéékèèké 16 sílẹ̀. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì dọ́gbadọ́gba: 8 lọ́tùn-ún, 8 lósì. Ẹ mú 8 kan, ẹ pín in: 4 àti 4. Ẹ pín 4: 2 àti 2. Ẹ pín 2: ó ku ẹyọ ìkòkò kan. Ẹ ti pín in lẹ́ẹ̀mẹ́rin báyìí, kò sì sí ìgbà kankan tí ìkòkò kan ṣẹ́ kù láìní ẹnìkejì.

Ẹ wá dán 20 wò. Ẹ ó rí 10, ẹ ó rí 5, ó parí, nítorí 5 kò ṣe é pín sí méjì àfi kí ẹ fọ́ ìkòkò kan. 12 dé 6, ó dé 3, ó dúró. 18 tiẹ̀ tètè kọ̀: 9 ló kọ́kọ́ fún yín, ibẹ̀ náà ló sì parí sí. Nínú gbogbo nọ́ńbà láti 9 títí dé 31, 16 nìkan ló ń gba pínpín sí méjì títí tó fi ku ẹyọ kan.

Ìdí rẹ̀ ni pé méjì nìkan ló wà nínú 16. Ẹ sọ 2 di ìlọ́po méjì, ẹ rí 4. Ẹ tún un ṣe, ẹ rí 8. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ rí 16. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, 2 × 2 × 2 × 2 ni. Kò sí 3 níbẹ̀, kò sí 5, kò sí 7. Power of two ni àwọn olùkọ́ ìṣirò ń pe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Nínú àlàyé yìí, a ó máa pè wọ́n ní nọ́ńbà ìran méjì: 2, 4, 8, 16, 32, 64, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí òun ni gbogbo ohun tó kù dúró lé.

Ẹ wá to ìkòkò 16 náà sí ìlà mẹ́rin, kí ìkòkò mẹ́rin wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó dọ́gba lóròó, ó dọ́gba níbùú. Square number ni wọ́n ń pe nọ́ńbà tó bá ṣe é tò báyìí. Àwa yóò máa pè é ní nọ́ńbà onígun mẹ́rin. 9 wà lára wọn, nítorí 3 × 3 ni. 25 náà wà lára wọn, nítorí 5 × 5 ni. Ṣùgbọ́n 9 àti 25 kì í ṣe ìran méjì, bẹ́ẹ̀ ni 8 àti 32 tí í ṣe ìran méjì kì í ṣe onígun mẹ́rin. 16 ń jẹ́ orúkọ méjèèjì.

Ọ̀nà kan wà láti kọ́ onígun mẹ́rin yìí díẹ̀díẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi púpọ̀. Ẹ gbé ìkòkò kan sí igun. Ẹ fi mẹ́ta ká a, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan níwájú rẹ̀, ọ̀kan ní igun tó wà láàárín méjèèjì: ó di 4. Ẹ tún fi 5 ká a: ó di 9. Ẹ fi 7 ká a: ó di 16. Nítorí náà, 1 + 3 + 5 + 7 jẹ́ 16. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ìkòkò tí ẹ ń fi kún un ń fi méjì ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé apá méjì ni ẹ ń tò, apá kọ̀ọ̀kan sì ń gùn sí i ní ìkòkò kan.

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí yóò fẹ́ràn èyí. Ká ní ilẹ̀ kan gùn ní mítà 4, ó sì fẹ̀ ní mítà 4. Bí ẹ bá mọ ọgbà yí i ká, mítà 16 ni ọgbà náà yóò gùn. Bí ẹ bá fẹ́ fi táìlì ńlá tó jẹ́ mítà kan lóròó, mítà kan níbùú, tẹ́ inú rẹ̀, táìlì 16 ló máa gbà. Ẹ wo ilẹ̀ mítà 3: ọgbà rẹ̀ jẹ́ 12, táìlì rẹ̀ jẹ́ 9. Ilẹ̀ mítà 5: ọgbà 20, táìlì 25. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí òró àti ìbú rẹ̀ dọ́gba, èyí tó jẹ́ mítà 4 nìkan ni nọ́ńbà ọgbà àti nọ́ńbà táìlì rẹ̀ bára mu.

Ohun tó kàn yìí, 16 nìkan ló ní in láàárín gbogbo nọ́ńbà odidi tó ju òdo lọ, bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó. Ẹ kọ 2 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn: 2 × 2 × 2 × 2, 16 ni. Ẹ wá kọ 4 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì: 4 × 4, 16 náà ni. A pààrọ̀ ipò 2 àti 4, èsì kò yí padà. Ẹ dán an wò pẹ̀lú 2 àti 3: 2 × 2 × 2 jẹ́ 8, ṣùgbọ́n 3 × 3 jẹ́ 9. 2 àti 5 fún wa ní 32 àti 25. 3 àti 4 fún wa ní 81 àti 64. Ní 1728, Daniel Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò tí ìdílé rẹ̀ ti ìlú Basel ní Switzerland wá, kọ lẹ́tà sí Christian Goldbach pé nínú àwọn nọ́ńbà odidi méjì tó yàtọ̀ síra, 2 àti 4 nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òdodo ni, a sì ti fi ẹ̀rí ìṣirò gbè é lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn nọ́ńbà tó lè pín 16 láìsí ìyókù. Factor ni wọ́n ń pè wọ́n níléèwé. Àwa yóò pè wọ́n ní apínpé. Apínpé 16 jẹ́ márùn-ún: 1, 2, 4, 8, àti 16 fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá yọ 16 sẹ́yìn, tí ẹ ṣe ìròpọ̀ àwọn yòókù, 1 + 2 + 4 + 8, ẹ ó rí 15. Ó ku ẹyọ kan kó pé. Àwọn nọ́ńbà kan wà tí apínpé wọn máa ń pé géérégé: ti 6 ni 1 + 2 + 3, 6 náà ni. Ti 28 náà pé. Ṣùgbọ́n gbogbo nọ́ńbà ìran méjì ló máa ń fi ẹyọ kan dín. Títí di òní, kò sí ẹni tó tíì rí nọ́ńbà mìíràn, tí kì í ṣe ìran méjì, tí apínpé rẹ̀ fi ẹyọ kan péré dín. Kò sì sí ẹni tó tíì lè fi hàn pé irú rẹ̀ kò lè sí. Ọmọ Ìpetumodù tó bá fẹ́ràn ìṣirò lè gbé e yẹ̀ wò.

Ẹ padà síbi ìkòkò. Ká ní ẹ fẹ́ pàtẹ wọn bí àtẹ̀gùn, kí ìlà kọ̀ọ̀kan fi ìkòkò kan ju ìlà tó ṣáájú rẹ̀ lọ, kí iye ìlà sì ju ẹyọ kan lọ. Bí ìkòkò yín bá jẹ́ 15, ó rọrùn: 7 àti 8, tàbí 4, 5 àti 6, tàbí kí ẹ tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 5. Bó bá jẹ́ 14: 2, 3, 4, 5. Bó bá jẹ́ 17: 8 àti 9. Bó bá jẹ́ 18: 5, 6, 7. Bó bá jẹ́ 20: 2, 3, 4, 5, 6.

Ẹ wá gbé 16 dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1: nígbà tí ẹ bá to ìlà márùn-ún, ìkòkò 15 ni ẹ ti lò, ìlà kẹfà yóò sì gbé e dé 21. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2: 14, lẹ́yìn náà 20. Láti 3: 12, lẹ́yìn náà 18. Láti 4: 15, lẹ́yìn náà 22. Láti 5: 11, lẹ́yìn náà 18. Láti 6: 13, lẹ́yìn náà 21. 7 àti 8 jẹ́ 15. 8 àti 9 jẹ́ 17. Gbogbo wọn ló fo 16 kọjá. Kò sí bí ẹ ṣe lè tò ó.

Kí ló fà á? Ẹ wo 18, tí ìlà rẹ̀ jẹ́ 5, 6 àti 7. Ẹ mú ìkòkò kan láti orí ìlà 7, ẹ fi sórí ìlà 5. Gbogbo ìlà ti di 6 báyìí: ìlà mẹ́ta, mẹ́fà mẹ́fà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí iye ìlà bá jẹ́ 3, 5, 7 tàbí irú wọn. Ìlà tó wà láàárín ni gbogbo wọn yóò dọ́gba pẹ̀lú, nítorí náà iye ìlà yóò pín ìkòkò náà láìsí ìyókù. Nọ́ńbà bíi 3, 5 àti 7, tí ẹyọ kan máa ń ṣẹ́ kù nígbà tí a bá pín wọn sí méjì, ni wọ́n ń pè ní odd number. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní nọ́ńbà aṣẹ́kù.

Bí iye ìlà bá wá jẹ́ 2, 4 tàbí 6 ńkọ́? Ẹ wo 14: 2, 3, 4, 5. Ẹ so ìlà àkọ́kọ́ mọ́ ti ìkẹyìn, 2 + 5, ó jẹ́ 7. Ẹ so méjì tó wà láàárín pọ̀, 3 + 4, ó tún jẹ́ 7. A ní 7 lọ́nà méjì. Nọ́ńbà aṣẹ́kù náà ló tún jáde yìí, kò sì lè ṣe kó má jáde, nítorí pé nígbà tí ìlà bá jẹ́ méjì-méjì, bí ìlà àkọ́kọ́ bá jẹ́ aṣẹ́kù, ti ìkẹyìn kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìròpọ̀ àwọn méjèèjì yóò sì ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Ẹ rí i pé ọ̀nà yòówù kí àtẹ̀gùn gbà, nọ́ńbà aṣẹ́kù kan tó ju 1 lọ gbọ́dọ̀ wà lára apínpé iye ìkòkò náà. 16 kò ní irú apínpé bẹ́ẹ̀. Méjì nìkan ló wà nínú rẹ̀, a ti rí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ló ṣe kọ àtẹ̀gùn, bí 2, 4, 8, 32 àti 64 náà ti kọ̀ ọ́. Gbogbo nọ́ńbà yòókù láti 3 lọ ló ń gbà.

Òǹkà Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ohun kan tó fẹ́ sọ nípa 16. Ẹ mọ̀ pé láti 11 dé 14, a máa ń fi kún 10, ṣùgbọ́n tí a bá ti dé 15, ogún ni a ń wò, tí a sì ń dín in kù. Ẹ to ìkòkò 20 sí ìlà mẹ́rin, márùn-ún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá mú ìkòkò kan kúrò lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ni ẹ mú kúrò, mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin ló sì kù sílẹ̀. Bí ẹ bá dín mẹ́rin nínú ogún, ohun kan náà ni bí ìgbà tí ẹ sọ mẹ́rin di ìlọ́po mẹ́rin. Irú títò márùn-ún márùn-ún dé ogún yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń ka owó ẹyọ láyé àtijọ́. Adolphus Mann, ọmọ Jámánì tó ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ fún ìjọ CMS nílẹ̀ Yorùbá, kọ̀wé lórí òǹkà wa ní 1887, ó sì so ìdàgbàsókè òǹkà náà mọ́ owó ẹyọ kíkà: márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kó o, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ogún, kí ogún tó di igba. Helen Verran, ọmọ Australia tó kọ́ni ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, náà gbé ìwé jáde ní 2001 lórí bí òǹkà Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àti ọmọ iléèwé. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn olùkọ́ wa máa fi ìlà mẹ́rin yìí han ọmọdé, kó má jẹ́ pé wọ́n kàn há orúkọ nọ́ńbà sórí.

Ọjọ́ ọjà ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Bí wọ́n bá ná ọjà lónìí, wọn a ka òní mọ́ ọn, wọn a ní ọjà di ọjọ́ karùn-ún. Ọjà mìíràn ń pé ní ìsán, ìyẹn ọjọ́ kẹsàn-án, òmíràn ní ìtàdógún, ìyẹn ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ẹ yọ òní tí wọ́n kà mọ́ ọn kúrò, ẹ ó rí ohun tó wà láàárín ọjọ́ ọjà kan àti èkejì: 4, 8, 16. Ìran méjì ni gbogbo wọn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé wọ́n máa ń bá ara wọn mu. Ọjọ́ ìtàdógún máa ń bọ́ sí ọjọ́ ìsán kan, ọjọ́ ìsán a sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ẹni tó bá mọ èyí tó gùn jù ti mọ àwọn yòókù. Ẹ fi wé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ 7 tí a ń lò báyìí: bí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún bá bọ́ sí Sátidé lónìí, ó di ọjọ́ 28 kó tó tún bọ́ sí Sátidé, nítorí 7 àti 4 kò ní apínpé kankan tó pa wọ́n pọ̀ àfi 1.

A ti wá dé ibi tí 16 ti ṣiṣẹ́ tó tóbi jù lọ nílẹ̀ wa, ìyẹn inú Ifá. Láti Ìpetumodù sí Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí àwọn onífá gbogbo ayé ń rọ́ lọ, kò jìnnà. Ikin 16 ni babaláwo ń kó sọ́wọ́ òsì, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kó wọn. Bí ikin kan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ òsì, yóò tẹ ìlà méjì sórí ìyẹ̀ròsùn nínú ọpọ́n. Bí méjì bá ṣẹ́ kù, ìlà kan ni yóò tẹ̀. Bí kò bá jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, yóò tún un kó. Ìlà kan tàbí ìlà méjì, kò sí ẹ̀kẹta.

Ipò mẹ́rin ló wà lápá ọ̀tún odù, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ipò kìíní lè jẹ́ oríṣi méjì. Bí ẹ bá fi ipò kejì kún un, oríṣi di 4. Ipò kẹta sọ ọ́ di 8, ipò kẹrin sọ ọ́ di 16. Orúkọ àwọn 16 náà ni Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí, Ìrosùn, Ọ̀wọ́nrín, Ọ̀bàrà, Ọ̀kànràn, Ògúndá, Ọ̀sá, Ìká, Òtúrúpọ̀n, Òtúrá, Ìrẹtẹ̀, Ọ̀ṣẹ́ àti Òfún. Ogbè ni èyí tí gbogbo ìlà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀yẹ̀kú ni èyí tí gbogbo wọn jẹ́ méjì-méjì. Ìwòrì ní méjì lókè àti nísàlẹ̀, ó ní ẹyọ kan láàárín. Òdí yí i padà, ó ní ẹyọ kan lókè àti nísàlẹ̀, ó ní méjì láàárín. Kò sí ètò ìlà kankan tó ṣẹ́ kù tí kò ní orúkọ, kò sì sí orúkọ méjì tó pín ètò kan.

Ẹ jẹ́ ká wá wò ó bí ẹni tó ń pín ìkòkò. Kí babaláwo tó tẹ ohunkóhun, orúkọ 16 ló ṣeé ṣe kó jáde. Ó tẹ ìlà ẹyọ kan sókè. Lójú kan náà, mẹ́jọ ti kúrò nílẹ̀, ó ku mẹ́jọ: Ogbè, Òdí, Ìrosùn, Ọ̀bàrà, Ògúndá, Òtúrá, Ìrẹtẹ̀ àti Ọ̀ṣẹ́. Ó tún tẹ ẹyọ kan: ó ku Ogbè, Ìrosùn, Ògúndá àti Ìrẹtẹ̀. Ó tún tẹ ẹyọ kan: ó ku Ogbè àti Ògúndá. Bí ìkẹyìn bá jẹ́ ẹyọ kan, Ogbè ni. Bó bá jẹ́ méjì, Ògúndá ni. 16, 8, 4, 2, 1. Bí ìkòkò wa ṣe pín gẹ́lẹ́ ni orúkọ odù ṣe ń pín lórí ọpọ́n. Ká ní orúkọ odù jẹ́ 15 tàbí 18 ni, irú ìpín yìí kò ní ṣe é ṣe. Orúkọ kan ì bá wà láìní ìlà, tàbí ìlà kan ì bá wà láìní orúkọ.

Ṣùgbọ́n odù kan ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Èyíkéyìí nínú 16 lè wà lọ́tùn-ún, èyíkéyìí nínú 16 sì lè wà lósì pẹ̀lú rẹ̀: 16 × 16, ó jẹ́ 256. Nínú 256 yìí, 16 ni ọ̀tún àti òsì ti jọra, àwọn ni ojú odù: Èjì Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú Méjì, títí dé Òfún Méjì. 240 tó kù ni àmúlù. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ń fi gbogbo rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan náà: èso mẹ́jọ ló wà lára ẹ̀wọ̀n rẹ̀, mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí inú sókè tàbí kó dojú dé. Méjì, tí a sọ di ìlọ́po méjì títí dé ipò kẹjọ, 256 náà ló ń fún wa. Ní 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ àgbàyanu tí ọmọ ènìyàn fi ẹnu gbà sílẹ̀ fún ìran wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà ọmọ ènìyàn tí kò ṣe é fọwọ́ kàn ní 2008.

Àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Odùduwà, tó wà ní Ìpetumodù níbẹ̀, yóò ti mọ 256 yìí. Kọ̀ǹpútà náà kò mọ̀ ju ohun méjì lọ, iná wà tàbí kò sí, tí a ń kọ ní 1 àti 0. Bit ni wọ́n ń pe ọ̀kan. A ó pè é ní ìtàn-án-pa. Mẹ́jọ nínú rẹ̀ ni byte, tí a ó pè ní ìdì mẹ́jọ. Ìdì mẹ́jọ kan lè jẹ́ oríṣi 256, bí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Kọ̀ǹpútà IBM System/360, tí wọ́n kéde ní 1964, wà lára àwọn tó sọ ìdì mẹ́jọ di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ ìdì mẹ́jọ sílẹ̀ kì í kọ àmì mẹ́jọ. Ó máa ń gé e sí méjì, mẹ́rin mẹ́rin, á fún mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ní àmì kan nínú àmì 16: 0 dé 9, lẹ́yìn náà A, B, C, D, E, F. Àmì méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó ti parí. Bí ẹni tó ń pe Ogbè Ọ̀yẹ̀kú tàbí Ìrosùn Ìwòrì kò ṣe ní láti ka ìlà mẹ́jọ síta nìyẹn.

N kò sọ pé inú Ifá ni wọ́n ti mú kọ̀ǹpútà o. Gottfried Leibniz ti Jámánì tẹ ìwé jáde lórí ìṣirò oní-0-àti-1 ní 1703, ọ̀nà tirẹ̀ ló sì bá dé ibẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni yòówù tó bá ń fi ohun méjì péré kọ nǹkan sílẹ̀, ní ipò mẹ́rin, 16 ni yóò kàn, yálà ó wà ní Ifẹ̀ tàbí ní òkè òkun. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta káàdì fóònù tí a ń kó àwòrán sí, ẹ ó rí 16, 32, 64, 128 lára wọn, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n ní ìran kan náà.

Ó ku owó ẹyọ. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi obì alápá mẹ́rin ṣe àpẹẹrẹ. Awẹ́ mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú tàbí kó dojú dé, ọ̀nà 16 ni wọ́n lè gbà balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ka iye tó ṣíjú nìkan, tí a kò bìkítà nípa èwo ni ó ṣí, èsì márùn-ún péré ló wà: kò sí, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Báwo ni ọ̀nà 16 ṣe pín sínú èsì márùn-ún? Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi lè ṣíjú. Ọ̀nà 4 ni mẹ́ta fi lè ṣíjú, nítorí èyíkéyìí nínú mẹ́rin lè jẹ́ èyí tó dojú dé. Ọ̀nà 6 ni méjì fi lè ṣí, ọ̀nà 4 ni ti ọ̀kan, ọ̀nà 1 ni ti kò sí. 1 + 4 + 6 + 4 + 1 jẹ́ 16. Méjì-méjì ló rọrùn jù láti rí.

Owó ẹyọ ẹ̀rìndínlógún ń ṣiṣẹ́ bí obì yìí, kò ṣe bí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Olórìṣà á da ẹyọ 16 sílẹ̀, á ka iye tó ṣíjú, láti òdo dé 16, ìyẹn èsì 17. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, kó odidi ìwé jọ lórí rẹ̀ ní 1980. Ọ̀nà tí owó ẹyọ 16 lè gbà balẹ̀ jẹ́ 65,536, ìyẹn 2 tí a sọ di ìlọ́po méjì títí dé ipò kẹrìndínlógún, tàbí kí a ní 256 × 256. Bí a bá gbà pé ojú méjèèjì ẹyọ kan dọ́gba, odù ọ̀pẹ̀lẹ̀ 256 ní àǹfààní kan náà láti jáde, ọ̀nà kan fún odù kan. Ti owó ẹyọ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mẹ́jọ ṣíjú lọ́nà 12,870, ìyẹn sún mọ́ ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ọ̀nà tó wà. Ẹyọ kan ṣoṣo ṣíjú lọ́nà 16. Kí gbogbo mẹ́rìndínlógún ṣíjú pa pọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni, nínú ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin ó lé.